Owó Oṣù Ìjọba àti ti Aládàáni: Ta Ni Òfin ₦70,000 Ń Dáàbò Bò?

Ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦70,000. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, ilẹ̀ ti gbóná. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC kọ́kọ́ béèrè ₦615,000, wọ́n sì ń já a wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kan ₦250,000. Ìjọba àti àwọn agbanisíṣẹ́ kò fẹ́ kọjá ₦62,000. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ìyanṣẹ́lódì dé, iná ọba kú káàkiri orílẹ̀-èdè, ọ́fíìsì ìjọba sì tì pa. Lẹ́yìn tí òfin náà jáde tán, àríyànjiyàn ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn gómìnà. Èkó kéde ₦85,000, Ọ̀yọ́ ₦80,000, Ògùn ₦77,000, Ọ̀ṣun ₦75,000, Oǹdó ₦73,000, Èkìtì sì dúró sórí ₦70,000. Bí ẹni ń ka èsì bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kà á lórí rédíò.

Nínú gbogbo ariwo yìí, ìjọba ni gbogbo ojú ń wò, bí ẹni pé òun nìkan ló ní òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fetí sí àwọn ètò orí afẹ́fẹ́ nígbà náà yóò rò pé àárín gómìnà àti akọ̀wé ìjọba ni ọ̀rọ̀ náà mọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin náà kan ilé iṣẹ́ aládàáni pẹ̀lú. Ó kan ẹni tó ń ṣí géètì ilé ìtajà ńlá àti ẹni tó ń di ọṣẹ sínú páálí, gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ẹni tó ń gbálẹ̀ ní sẹkitéríàtì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé gómìnà tí kò bá san án yóò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìròyìn. Onílé iṣẹ́ tí kò bá san án yóò sun oorun rẹ̀ láìsí ìyọnu.

Èrò kan ti wọ àwọn ènìyàn lára láti ọjọ́ pípẹ́: iṣẹ́ ìjọba kì í sọni di olówó, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ebi pani, ẹni tó bá fẹ́ owó, kó lọ bá àwọn aládàáni. Àdúrà ìyá fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní fásitì ni pé kí báǹkì tàbí ilé iṣẹ́ epo pè é. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n òkè àtẹ̀gùn nìkan ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ilé iṣẹ́ epo, báǹkì ńlá tàbí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù bá gbà sí iṣẹ́ gidi lè máa gba iye tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ iṣẹ́ ìjọba ní ìpele kẹjọ kò ní fojú rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn olùkọ́ fásitì fi oṣù mẹ́jọ yanṣẹ́ lódì ní 2022, orí àdéhùn ọdún 2009 ni owó oṣù wọn ṣì dúró lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìṣirò owó lè rí ọmọ náà ní báǹkì lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kí owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ti olùkọ́ sẹ́yìn.

Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yìí, nǹkan yí padà. Lọ́dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀, ìjọba ló ń sanwó ju aládàáni lọ, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀.

Olùkọ́ ni àpẹẹrẹ tó fojú hàn jù. Bí obìnrin méjì bá jọ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tí àwọn méjèèjì gba ìwé ẹ̀rí NCE lọ́jọ́ kan náà, ìyá àkọ́kọ́ tí ìjọba gbà sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò bọ́ sí ìpele keje. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni ìgbéga rẹ̀ máa ń tó. Yóò gba owó oṣù nígbà ìsinmi, yóò gba ìsinmi ìbímọ láìpàdánù iṣẹ́, wọn yóò sì máa ya apá kan sọ́tọ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ọdún 2022 tilẹ̀ ti fún irú rẹ̀ láyè láti ṣiṣẹ́ títí di ọmọ ọdún 65, tàbí kó lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹnì kejì tí kò ríṣẹ́ ìjọba yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó wà ní òpópónà kejì. Ọ̀pọ̀ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í san ìdajì ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà. Ó ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé, kò sì ní lọ sílé títí wọn yóò fi parí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Nígbà ìsinmi gígùn, ìdajì owó ni àwọn kan ń san. Àwọn mìíràn kì í san kọ́bọ̀, wọ́n á ní ta ló kọ́ ọmọ lóṣù yẹn? Nínú ìsinmi ọ̀hún kan náà ni wọn yóò fún un ní ìwé ìpolówó pé kó lọ pín in láti ojúlé dé ojúlé, kó wá ọmọ tuntun wá. Bí àwọn òbí kò bá tètè san owó ilé ẹ̀kọ́, owó oṣù olùkọ́ ni yóò dúró dè wọ́n. Bí òbí bá sì mú ọmọ rẹ̀ kúrò, òun ni wọn yóò bi léèrè ohun tó fi lé e lọ.

Àwọn òbí a máa sọ pé olùkọ́ aládàáni ń ṣiṣẹ́ ju ti ìjọba lọ. Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló ń lé e níré. Ìbẹ̀rù ni. Ó mọ̀ pé àwọn mẹ́wàá wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ní irú ìwé ẹ̀rí tòun lọ́wọ́. Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà díjú ni pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìjọba, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni wọ́n ń rán ọmọ tiwọn lọ. Owó oṣù tí wọn kò ní gbà láéláé fún ara wọn ni kò jẹ́ kí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn kọjá agbára wọn. Ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni ìdẹ̀rùn náà ti ń wá.

Kì í ṣe gbogbo onílé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀kánjúwà, ó yẹ kí ìyẹn yé ni. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní ọmọ 80, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń san ₦20,000 ní sáà kan, ₦4,800,000 ni yóò wọlé láàárín ọdún, ìyẹn ₦400,000 lóṣù. Bó bá ní olùkọ́ mẹ́jọ, tó sì fẹ́ san ₦70,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦560,000 ni yóò ná lóṣù, láìtíì san owó ilé, láìtíì ra ṣọ́ọ̀kì tàbí epo jẹnẹrétọ̀. Ibi tí àáké ti ń ṣẹ́ nìyẹn. Àwọn òbí tó sì ń san ₦20,000 yìí, ta ni wọ́n? Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n, aránṣọ ni wọ́n, awakọ̀ ni wọ́n. Òmíràn nínú wọn jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni mìíràn. Owó kékeré ń bí owó kékeré.

Òfin mọ èyí, ó sì ti yọ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti ọdún 2019 ti là á sílẹ̀, agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 kò sí lábẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀, àwọn tó ń gba owó lórí iye ohun tí wọ́n bá ṣe tàbí tí wọ́n bá tà, àti àwọn òṣìṣẹ́ oko ìgbà-dé-ìgbà. Bí a bá kó gbogbo wọ̀nyí kúrò, ta ló kù? Àjọ tó ń rí sí ètò ìṣirò ní Nàìjíríà sọ pé ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ara wọn ni wọ́n ń ṣe. Nínú ìwọ̀nba àwọn tó kù tó ń gba owó oṣù ni ìjọba ti ní tirẹ̀. Nítorí náà, àyè tí òfin náà ní láti rìn láàárín àwọn aládàáni kò fẹ̀ rárá. Ohun tó ń dunni ni pé níbi tóóró yẹn náà, kì í rìn dáadáa.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ jẹ́ ẹ̀rí. Ilé iṣẹ́ ńlá kì í gba ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń pèsè wọn, tí yóò gba owó lórí ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, tí yóò mú tirẹ̀ kúrò, tí yóò sì fún ẹni tó ń dúró nínú òjò ní ohun tó bá kù. Bí ẹ̀ṣọ́ náà bá bínú, báǹkì tó ń ṣọ́ yóò ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Agbaṣẹ́ṣe yóò ní ohun tí báǹkì ń san kò tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ tó wọṣọ ìbánikẹ́dùn dúdú-funfun lẹ́yìn káńtà báǹkì, tí oníbàárà rò pé òṣìṣẹ́ báǹkì ni wọ́n. Ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe ọjà, àwọn kan wà tí wọ́n ti ń jẹ́ òṣìṣẹ́ ojúmọ́ láti ọdún pípẹ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí oṣù mẹ́ta má kọjá tí agbanisíṣẹ́ yóò fi kọ àdéhùn iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò tíì fojú kan irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí.

Ìjọba àpapọ̀ ti kìlọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba òṣìṣẹ́ fún ẹlòmíràn pé wọn kò gbọdọ̀ san ohun tó dín sí ₦70,000. Ìkìlọ̀ dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣọ́ tó lè gbé ìkìlọ̀ lọ sọ́jà láti fi ra gàrí. Àti pé ìjọba tó ń kìlọ̀ yìí, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo inú ọgbà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba ló ti gbé iṣẹ́ ìgbálẹ̀ àti iṣẹ́ ìṣọ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lè má jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, owó tó sì ń gbà lè má dé ibi tí òfin ọ̀gá náà fi sí.

Nígbà kan rí, aládàáni kì í jẹ́ kí ìjọba fi òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1972, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Jerome Udoji láti tún iṣẹ́ ìjọba tò. Ọ̀kan nínú ohun tó wà lọ́kàn ìgbìmọ̀ náà ni bí owó oṣù ìjọba yóò ṣe súnmọ́ ti aládàáni, kí àwọn tó mọṣẹ́ má baà máa bọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ìpele 1 sí 17 tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń ka ipò ara wọn títí dòní, inú àbọ̀ ìgbìmọ̀ yẹn ló ti jáde. Nígbà tí ìjọba tẹ́wọ́ gba àbọ̀ náà ní ìparí ọdún 1974, owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ fò láti ₦312 lọ́dún sí ₦720 lọ́dún, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó náà di orúkọ. Àwọn tó ti dàgbà nígbà náà kò gbàgbé rédíò tuntun, fáànù àti alùpùpù tó wọ àdúgbò lọ́dún Údójì.

Àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni kò dúró wòran. Bí ọdún 1975 ti wọlé ni ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fún ará ìjọba, kí wọ́n fún àwọn náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rí i gbà. Ọjà wá gbówó lérí: ọ̀wọ́ngógó ọdún náà lé ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà àwọn tó ń bú Údójì títí dòní kò bú u lásán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn náà tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún aládàáni ní 1975 mọ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ náà, ó ní ẹgbẹ́, ó sì mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò jókòó sí tí ọ̀gá yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀ṣọ́ òde òní, méjì-méjì ni wọ́n pín wọn sẹ́nu géètì káàkiri ìlú. Ta ni yóò bá yanṣẹ́ lódì? Ẹnu géètì ta ni yóò jókòó sí?

Èyí kò sọ òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni tó ń jayé. Ní 1981, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì tí NLC ṣe lábẹ́ Hassan Sunmonu, ìjọba Shehu Shagari fọwọ́ sí ₦125 lóṣù. Náírà lágbára ju dọ́là lọ nígbà náà; iye yẹn lé ní dọ́là 190. ₦70,000 tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024 kò tó dọ́là 50 lọ́jọ́ náà, kò sì lè ra àpò ìrẹsì oníkílò 50 kan. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, ọ̀wọ́ngógó ti kọjá ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, owó kékeré náà kì í dé lásìkò. Ní 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù títí ìjọba àpapọ̀ fi ní láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ní Ọ̀ṣun sì ni àwọn òṣìṣẹ́ kan ti gba ìdajì owó oṣù fún ìgbà pípẹ́. Ojú àwọn ènìyàn rí màbo. Síbẹ̀, gbèsè tó ní àkọsílẹ̀ ni. Ìjọba tó gba ipò lẹ́yìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdajì tó kù yẹn díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Olùkọ́ aládàáni tí wọn kò sanwó ìsinmi fún ní ọdún kan náà, ta ló jẹ ẹ́ ní gbèsè? Kò sí ìwé kankan tó sọ bẹ́ẹ̀.

Lókè àtẹ̀gùn, ìjọba ni kó wá ojútùú sí tirẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ìjọba tó fẹ́ dókítà tó mọṣẹ́, tó sì ń sanwó tí kò lè gbà á dúró, Bìrìtìkó ló ń kọ́ dókítà fún. Àwọn tó sì dúró, ọ̀pọ̀ wọn ní láti lọ máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni nírọ̀lẹ́, kí owó wọn lè tó. Ní ọ́fíìsì tí kò ti sí irú iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, òwe pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ ni yóò jẹ nídìí pẹpẹ ni àwọn kan ń fi ṣe àfikún owó oṣù. Owó tí ìjọba rò pé òun fi pamọ́, aráàlú tó wá gba fáìlì ló ń san án.

Nísàlẹ̀, àtúnṣe kò nílò owó ìjọba tó pọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń lo ẹ̀ṣọ́ ni kí òfin mú nígbà tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò bá gba iye tó yẹ, kí wọ́n má jẹ́ kó sá sẹ́yìn agbaṣẹ́ṣe. Kí àdéhùn láàárín àwọn méjèèjì máa sọ ní kedere iye tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ àti iye tó jẹ́ ti agbaṣẹ́ṣe. Ìjọba lè fi àwọn àdéhùn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 máa dá owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Kí ló dé tí òfin owó oṣù fi ní láti kà dé 25 kó tó lajú? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá tó ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ àwọn òbí kò ní àwáwí kankan. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ lè béèrè fún ìwé owó oṣù olùkọ́ wọn, bó ṣe ń béèrè fún ìwé ilẹ̀ àti àwòrán ilé.

Òfin 2024 ti sọ àtúnyẹ̀wò owó oṣù di ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, kì í ṣe ọdún márùn-ún mọ́. Ọdún 2027 nìyẹn, ọdún ìdìbò. Ìjọba yóò jókòó, ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ yóò jókòó, NLC àti TUC yóò jókòó, iye owó yóò sì máa fò lọ fò bọ̀ lẹ́nu àwọn akọ̀ròyìn. Ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ìjókòó náà tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti lọ sẹ́nu àwọn géètì wọ̀nyẹn, kí wọ́n forúkọ àwọn ẹ̀ṣọ́, agbálẹ̀ àti olùkọ́ aládàáni sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, kí wọ́n sì ka iye tó ń wọ ọwọ́ wọn ní tòótọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n gbé lọ sórí tábìlì lọ́jọ́ náà kì í ṣe iye tuntun nìkan, bí kò ṣe orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tí kò tíì san ₦70,000 ti àtijọ́.